Ìkìlọ̀: Ẹ má ra mọ́tò tí ẹ bá ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ní gbígbóná

Ẹ̀yin tí ẹ ń wá mọ́tò àlòkù rà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka èyí kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín. Oníṣòwò ọkọ̀ kan ta mọ́tò tó bàjẹ́ fún mi, ọgbọ́n tó sì fi mú mi kò ju pé ó ti ṣáná sí i kí n tó dé.

Àárọ̀ la jọ dá. Nígbà tí mo dé, mo bá mọ́tò náà níta, ẹ́ńjìnnì ti ń ṣiṣẹ́, ohùn rẹ̀ rọra ń dún. Ó ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e wá láti ẹ̀yìn ni, kí n lè rí i dáadáa. Mo wà á yípo, mo pa á, mo tún ṣáná sí i. Ojú ẹsẹ̀ ló dáhùn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló dáhùn. Mo sanwó.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ kejì, mo yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ́ńjìnnì ń yí, kò mú. Ìgbà kẹrin ló tó mú, ara mọ́tò wá ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe, èéfín funfun ń rú ní ẹnu sáláńsà. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́ta sí mẹ́rin, ó parọ́rọ́, kò sì yọ mí lẹ́nu mọ́ títí ilẹ̀ fi ṣú. Àárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, bákan náà. Mo pe ẹni tó tà á fún mi. Ó ní bátìrì ló rọ, pé mọ́tò náà ti pẹ́ lójú kan, kí n lọ ra tuntun.

Irọ́ ni, ó sì mọ̀ pé irọ́ ni. Bátìrì tó bá rọ kì í jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì yí bó ṣe yẹ: ẹ ó máa gbọ́ kó máa fà bí ẹni tó ti rẹ̀, tàbí kẹ̀ kó kàn máa ta kẹ́-kẹ́-kẹ́. Bátìrì tó kún, tó sì ti sinmi mọ́jú, máa ń fi nǹkan bíi fólítì 12.6 hàn lórí mítà. Bí ẹ bá wá ń ṣáná tó já wálẹ̀ ju 9.6 lọ, ẹ fura sí i. Tèmi fi 12.5 hàn, kò sì dé ìsàlẹ̀ 10 nígbà tí mo ń ṣáná. Ẹ́ńjìnnì náà ń yí kíákíá. Mọ́tò tó bá ń yí kíákíá tí kò mú, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti kúrò ní ti bátìrì; epo, iná plọ́ọ̀gì, sẹ́ńsọ̀ (ohun tó ń wọn nǹkan fún kọ̀ǹpútà mọ́tò) tàbí compression (agbára tí ẹ́ńjìnnì fi ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀) ni kí ẹ máa wá lọ.

Epo ni mo kọ́kọ́ fura sí. Nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò, bí ẹ bá kàn tan kọ́kọ́rọ́ láì tíì ṣáná, páǹpù epo á ṣiṣẹ́ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 2. Bó bá jẹ́ pé epo ń padà sínú táǹkì lóru, ẹ tàn án, ẹ pa á, lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta, kí ẹ tó ṣáná. Ó máa ń tètè mú. Mo ṣe é, kò yí nǹkan kan padà.

Mẹkáníìkì tó bá mi rí i kò gbà kí n ra nǹkan kan kó tó wò ó. Ó dé kùtùkùtù, ó tú plọ́ọ̀gì kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́. Mẹ́ta gbẹ. Ìkẹrin tutù, kò sì rùn bí epo: omi rẹ́díétọ̀ ni. Ó fi páǹpù ọwọ́ fún afẹ́fẹ́ sínú ibi tí omi ń gbà, ó fi í sílẹ̀ mọ́jú. Ìwọ̀n rẹ̀ lọ sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ omi kankan kò kán sí ilẹ̀. Gásíkẹ́ẹ̀tì orí ẹ́ńjìnnì, ìyẹn ohun pẹlẹbẹ tó ń dí àárín orí àti ara ẹ́ńjìnnì, ló ti jó. Bí mọ́tò bá sùn, omi á máa jò díẹ̀díẹ̀ sínú sìlíńdà kan, ìyẹn ihò tí písítìn ti ń lọ sókè sódò. Bó bá ti ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, omi náà á gbẹ, gbogbo rẹ̀ á dà bíi pé kò sí nǹkan. Ewu ńlá ni pẹ̀lú, torí písítìn kò lè fún omi pọ̀ bó ṣe ń fún afẹ́fẹ́. Bí omi bá pọ̀ jù nínú sìlíńdà lọ́jọ́ kan, irin tó gbé písítìn lè tẹ̀.

Mo gbé skánà, ẹ̀rọ tó ń ka ohun tí kọ̀ǹpútà mọ́tò kọ sílẹ̀, lọ lọ́jọ́ tí mo rà á o! Kò sí kóòdù àṣìṣe kankan, inú mi dùn. N kò wo ojú ewé tó ń fi hàn bóyá mọ́tò ti parí àyẹ̀wò tó ń ṣe fún ara rẹ̀. Nígbà tí mo padà wò ó, ọ̀pọ̀ ni kò tíì parí, ohun tí ẹ máa ń rí bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ pa kóòdù rẹ́ tàbí tí wọ́n yọ bátìrì. Omi inú ike rẹ́díétọ̀ náà kún dé ẹnu, ó mọ́ lóló. Mo rí i, mo rò pé ìtọ́jú ni, àṣé ó lè jẹ́ pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bu omi rọ́pò èyí tó ti jò ni.

Torí náà, ẹ sọ fún ẹni tó ń tà á pé kó má ṣáná sí i kí ẹ tó dé. Ẹ fọwọ́ kan bọ́ńẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó kí i tán. Bí ẹ bá ní skánà, ẹ tan kọ́kọ́rọ́ láì ṣáná, kí ẹ fi ooru omi ẹ́ńjìnnì wé ooru afẹ́fẹ́ tó ń wọlé. Mọ́tò tó sùn mọ́jú, méjèèjì kì í jìnnà síra. Bí omi bá wà ní 75°C tí afẹ́fẹ́ wà ní 30°C, wọ́n ti ṣáná sí i. Kí ẹnì kan dúró lẹ́yìn, kó máa wo sáláńsà. Èéfín funfun díẹ̀ tó tètè pòórá lówùúrọ̀ kò burú, ìrì lásán ni. Èyí tó nípọn, tí kò lọ, tó ní òórùn dídùn, ẹ sá fún un.

Mo ní kó dá owó mi padà. Ó ní ọjà tí òun bá ti tà kì í padà, látìgbà náà ni kò ti gbé ìpè mi mọ́. Ó ti gbé mọ́tò mìíràn síta báyìí. Mo wo fídíò rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: ẹ́ńjìnnì ti ń ṣiṣẹ́ kí àwòrán tó bẹ̀rẹ̀.