Pádì kékeré inú bàtà: ẹ gbọ́ tẹnu mi kẹ́ ẹ tó ra tiyín

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń dúró ṣiṣẹ́ látàárọ̀ dalẹ́, ẹ wá gbọ́ o. Ó ti lé lóṣù 8 tí iwájú àtẹ́lẹsẹ̀ mi ọ̀tún ti ń dà mí láàmú, ìdí ọmọ ìka ẹsẹ̀ gan-an, á máa ṣe mí bíi pé òkúta wẹ́wẹ́ wà nínú bàtà, màá bọ́ ọ, màá gbọ̀n ọ́n títí, kò ní sí nǹkan kan níbẹ̀. Tísà ni mí, ọmọ 42 ló wà ní kíláàsì mi, ìjókòó ò sí. Ìyá ọkọ mi ní mo ti tẹ nǹkan. Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ ká má parọ́, àyà mi já díẹ̀.

Pádì jẹ́ẹ̀lì ni mo kọ́kọ́ rà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, ₦2,500, ó ń mì lẹ́gẹ́lẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ tútù. Tí òógùn bá ti mú un báyìí, ó ti yọ̀ lọ síwájú nìyẹn. Ọ̀sẹ̀ méjì, ó ti rí pẹlẹbẹ bíi bébà. Mo tún lọ ra insole odindi, ìyẹn ìtẹ́nú bàtà láti gìgísẹ̀ dé ọmọ ìka, ₦18,000, ọmọ tó tà á ò sọ fún mi pé kí n kọ́kọ́ yọ èyí tó bá bàtà wá, ni bàtà bá kún, ni àwọn ọmọ ìka bá fún pọ̀, ó wá ń ta mí bí ìgbà téèyàn fata sójú egbò.

Èyí tó ṣiṣẹ́ gan-an ò ju ẹ̀kán omi ńlá lọ, metatarsal pad (pádì eegun iwájú àtẹ́lẹsẹ̀) ni wọ́n kọ sára páálí ẹ̀, ₦7,000. Èmi ọ̀mọ̀ràn, abẹ́ ibi tó ń dùn mí gan-an ni mo lẹ̀ ẹ́ sí! Àfi bíi pé mo tún fi òkúta lé òkúta. Ìgbà tí mo dé ọ̀dọ̀ àǹtí tó ń ṣe físíò, àwọn tó ń tọ́jú eegun àti iṣan, ó ní ṣé mo ní ìtọ́tè nínú báàgì. Ó fi kùn mí lójú ibi tó ń dùn mí, ó ní kí n tẹsẹ̀ bọ bàtà, àmì pupa yọ sínú bàtà, ló bá lẹ pádì sẹ́yìn àmì yẹn, lápá gìgísẹ̀. Ó ní ẹ̀yìn ló ti máa gbé àwọn eegun iwájú àtẹ́lẹsẹ̀ sókè, kí ìwúwo ara lè kúrò lórí wọn, kí wọ́n sì yàgò díẹ̀ fún iṣan tó wà láàárín wọn.

Ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, ó dà bíi pé mo ń tẹ kóró àgbálùmọ̀. Wákàtí kan, méjì, ni mo fi ń wọ̀ ọ́, mo wá ń fi kún un. Nígbà tó fi máa tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mo dúró parí àsẹ́ńbílì láìgbé ẹsẹ̀ kan lékan.

Àmọ́ tẹ́ ẹ bá fi sínú bàtà ẹlẹ́nu ṣóńṣó, owó yín gbé. Bàtà gogoro ńkọ́? Iwájú ẹsẹ̀ náà ló ń ti gbogbo ara sí. Mo ti ra kánfáàsì ẹlẹ́nu fífẹ̀ tí ìdí ẹ̀ le, tí iwájú ẹ̀ ká sókè bí imú ọkọ̀ ojú omi, bàtà ọ̀wàǹbẹ̀ mi sì wà lókè kọ́bọ́ọ̀dù, ó ń wò mí. Ẹni tó bá ní ìtọ̀ ṣúgà, tí ẹsẹ̀ ẹ̀ máa ń kú, ẹ má lẹ pádì fúnra yín o, dókítà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ rí.

Ìràwọ̀ 4 nínú 5. Gọ́ọ̀mù ẹ̀ ò lè bá òógùn jà, ọ̀sẹ̀ karùn-ún ló ti ṣí, ṣúmékà àdúgbò wa ló bá mi lẹ̀ ẹ́ padà.