Ilé ìtẹ̀wé kan ní Ṣómólú tó mọ àmì ohùn

Ìwé ewì mi kejì ti jáde. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa àwọn tó bá mi tẹ̀ ẹ́, torí ẹni tó bá ń fi Yorùbá kéwì mọ ohun tí ojú ń rí lọ́wọ́ àwọn atẹ̀wé.

Ní 2021, ibòmíràn ni mo gbé ti àkọ́kọ́ lọ, nítòsí ilé mi n'Íbàdàn. Ìlà kan wà nínú ewì tí mo kọ fún ìyá mi, tó fi ọdún 21 gbálẹ̀ ilé ìwé kan l'Óṣogbo: “Ọwọ́ ìyá mi di ọwọ̀, ó gbálẹ̀ títí ó fi di ẹni ọ̀wọ̀.” Ohun tó jáde nínú ìwé ni “Owo iya mi di owo, o gbale titi o fi di eni owo.” Nínú àwọn ewì mìíràn, àpótí kéékèèké ló wà níbi tó yẹ kí lẹ́tà wà. Lọ́jọ́ kan, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ra ìwé náà bi mí bóyá ìyá mi ń yáni lówó èlé. Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ o, ohun tó rí ló kà. Mo délé, mo sunkún. Mo wá fi bírò kọ àmì sí ìlà yẹn nínú gbogbo èyí tó kù lọ́wọ́ mi.

Olùkọ́ bíi tèmi ló júwe Ṣómólú fún mi. Ta ló ń tẹ̀wé l'Ékòó tí kò mọ Ṣómólú? Ẹ̀rọ ń dún lójúlé-ojúlé, òórùn íǹkì gba àdúgbò kan. Ṣọ́ọ̀bù tí mò ń sọ yìí wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, yàrá kan péré, kọ̀ǹpútà méjì. Bàbá tó ń to ojú ìwé níbẹ̀ á ti lé ní ọgọ́ta ọdún.

Mo tún fi ewì ìyá mi sínú ìwé kejì yìí. Bàbá yìí kò kàn da iṣẹ́ mi sínú kọ̀ǹpútà. Ó ní, “Àǹtí, ẹ jókòó, ẹ ka ìlà yẹn sókè fún mi.” Mo kà á. Ó ń fi ìka lu tábìlì, ó ń kùn ún sẹ́nu: “Re mi. Re do. Do do. Ó dáa.” Ìgbà yẹn ló tó tẹ̀ ẹ́ sínú ẹ̀rọ, tó sì gbé ojú sún mọ́ gíláàsì títí imú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án, kó lè rí i pé àmì tó wà lórí ọ kò yẹ̀. Báyìí la ṣe ka gbogbo ojú ewé 48, láti aago mẹ́wàá àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú lọ.

Òun ló jẹ́ kí n mọ ohun tó fa àpótí ọjọ́sí. Kọ̀ǹpútà ní lẹ́tà fún ẹ, ọ àti ṣ, ṣùgbọ́n tí àmì ohùn bá tún máa gun orí ẹ tàbí ọ, kò sí lẹ́tà kan ṣoṣo tó dúró fún un, ńṣe la ń to àmì náà lé e lórí. Fọ́ǹtì (ìyẹn ìrísí lẹ́tà tí kọ̀ǹpútà fi ń kọ̀wé) tí wọn ò ṣe fún irú èdè wa kò mọ̀ ọ́n tò. Á gbé àmì sẹ́gbẹ̀ẹ́, tàbí kó fi àpótí rọ́pò rẹ̀. Fọ́ǹtì tó ń jẹ́ Charis SIL ni Bàbá ń lò, ọ̀fẹ́ sì ni. Ibi yòówù kí ẹ máa tẹ̀wé sí, ẹ fi fọ́ǹtì náà ránṣẹ́ pọ̀ mọ́ iṣẹ́ yín.

Àwọn ará ṣọ́ọ̀bù náà ní àléébù tiwọn. Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n dá fún mi, ó di ọjọ́ 23. Wọ́n ní kò síná, mo sì gbà, ṣùgbọ́n wọn ò pè mí, èmi ni mò ń pè wọ́n. Ọwọ́ òfo ni mo gbé lọ sí òde ìgbéyàwó tó yẹ kí n ti kó ìwé lọ tà. Wọ́n tún gé etí ìwé 11 wọ́. Wọ́n tẹ òmíràn rọ́pò láìgba kọ́bọ̀, àmọ́ èmi ni mo tú wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan kí n tó rí i. Kí ẹ má san owó tó kù kí ẹ tó ṣe bẹ́ẹ̀.

₦1,400 ni wọ́n gbà lórí ìwé kan, 200 ni mo tẹ̀, ó jẹ́ ₦280,000. ₦3,000 ni mò ń tà á. Mo ti ta 130 láàárín oṣù mẹ́rin, òde ni mo sì ti ta èyí tó pọ̀ jù, torí tí mo bá kéwì tán, àwọn èèyàn máa ń fẹ́ ohun tí wọ́n á mú lọ sílé. Àwọn akéwì bíi Láńrewájú Adépọ̀jù àti Túbọ̀sún Ọládàpọ̀ rí rédíò àti àwo lò nígbà tiwọn. Ìwé pélébé yìí ni tèmi. Owó mi ti padà, ₦110,000 sì ti gorí ẹ̀. Mo ti fi lẹ́sìn tí mò ń lọ kọ́ àwọn ọmọ nílé onílé ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú sílẹ̀, ewì ni mò ń kọ nírọ̀lẹ́ yẹn báyìí. Ó ti tó ọdún mẹ́fà tí mo ti ń wá irú àyè bẹ́ẹ̀.

Mo mú ọ̀kan lọ fún ìyá mi l'Óṣogbo. Bíbélì Yorùbá nìkan ni wọ́n máa ń kà. Wọ́n ṣí ojú ewé tí ewì wọn wà, wọ́n kà á fúnra wọn, wọn ò ṣì í pè.

Ìwé kẹta ti ń parí lọ. Ṣómólú náà ni mò ń gbé e lọ, ṣùgbọ́n oṣù kan gbáko ni màá fi sílẹ̀ kí n tó gba òde kankan.