Sípíkà mi ti di tábìlì: oṣù mẹ́jọ pẹ̀lú hẹ́dífóònù Sennheiser HD 650

Ẹ jẹ́ n tètè sọ ọ́ kí n tó gbàgbé, mi ò ta ohun èlò orin o, kò sì sẹ́ni tó fún mi ní kọ́bọ̀. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi gbọ́ orin lórí sípíkà. Tokunbo ni èyí tí mo ní gbẹ̀yìn, onígi méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ga dé orúnkún mi, pẹ̀lú ámúpù tó jẹ́ pé ènìyàn á mí kanlẹ̀ kó tó gbé e. Mo fẹ́ràn ẹ̀. Ìyá ìbejì ò fẹ́ràn ẹ̀, Bàbá onílé tó ń gbé lókè wa ò fẹ́ràn ẹ̀, àwọn sítúdẹ́ǹtì tó wà ní fúláàtì ẹ̀gbẹ́ wa ní Parakin, Ilé-Ifẹ̀ níbí ò bá mi jà ṣá, tiwọn ni kí n yí i sí irú orin tiwọn.

Ẹ wo bí pálọ̀ mi ṣe rí ná. Ilẹ̀ ẹ̀ táìlì, ògiri ẹ̀ búlọ́ọ̀kù, fèrèsé ẹ̀ lúfà. Sípíkà tó bá máa dún dáadáa, ó yẹ kó jìnnà sí ògiri díẹ̀, kí ìwọ tó ò ń gbọ́ ọ sì jókòó síbi tí ìwọ àti àwọn méjèèjì á fi di onígun mẹ́ta. Níbo ni mo ti fẹ́ rí onígun mẹ́ta nínú pálọ̀ tí kúṣìn, fíríìjì àti máṣíìnì ìránṣọ ti gbà tán? Inú kọ̀rọ̀ ni mo há wọn mọ́, ẹni tó bá sì ti gbé sípíkà sí kọ̀rọ̀ rí mọ bó ṣe ń rí, béèsì á wú bíi gàárì tí wọ́n gbàgbé sínú omi, á wá bo ohùn olórin mọ́lẹ̀. Tí ìyá ìlù bá dún nínú rẹ́kọ́ọ̀dù, lúfà mi á dá a lóhùn.

Alẹ́ ọjọ́ kan, aago mẹ́wàá ti kọjá díẹ̀, Bàbá onílé fúnra wọn sọ̀ kalẹ̀ wá. Wọn ò bínú, ìyẹn gan-an ló dùn mí. Wọ́n ní, "Bàbá ìbejì, orin ẹ dáa o, àmọ́ ọ̀rọ̀ tí olórin ń sọ ò dé ọ̀dọ̀ mi, gbì-gbì ẹ̀ nìkan ló ń gòkè wá bá mi lórí bẹ́ẹ̀dì." Mo ní ẹ má bínú sà. Òótọ́ ni wọ́n sọ, béèsì ló máa ń la ògiri kọjá, ohùn tín-ín-rín kì í lè là á. Ọjọ́ yẹn ni mo pinnu pé hẹ́dífóònù ló kù.

Èyí tí mo kọ́kọ́ rà, fèékì ni. Ẹni tó tà á fún mi sọ pé UK ló ti wá, páálí ẹ̀ ń dán, ìwé wà nínú ẹ̀, gbogbo ẹ̀ pé. Mo fi sétí, ó ń dún bíi rédíò tí wọ́n ju aṣọ lé, mo sì rò pé etí èmi ló ti ń dàgbà. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń tún fóònù ṣe ní Lágere ló ní kí n gbé e wá, ó fi mítà kan ṣóńṣó jáàkì àti ìdí ẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ẹ wò ó sà, 32 ohm (ohm ni wọ́n fi ń wọn bí nǹkan ṣe ń dènà iná tó). Bẹ́ẹ̀ HD 650 ojúlówó, 300 ohm ni wọ́n ṣe é sí. Owó yẹn wọgbó nìyẹn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ra tokunbo, ẹ mú mítà dání lọ jàre, ẹ má wo páálí.

Ojúlówó tí mo ń lò báyìí, ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Jámánì ló rà á ránṣẹ́. Owó ẹ̀ á ra àgbò iléyá tó lójú, ẹ̀yin náà ẹ ṣírò ẹ̀. Kì í ṣe nǹkan tuntun o, 1997 ni HD 600 tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n ẹ̀ jáde, òun fúnra ẹ̀ jáde ní 2003, àwọn méjèèjì ṣì wà lórí àtẹ títí di bí mo ṣe ń tẹ èyí. Láti 1945 ni iléeṣẹ́ Sennheiser tó ń ṣe é ti wà ní Jámánì, àmọ́ láti 2022, ẹ̀ka hẹ́dífóònù wọn ti bọ́ sọ́wọ́ Sonova ti Switzerland, àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ fún ẹni tí etí ẹ̀ ò gbọ́ràn mọ́. Ẹ̀rín pa mí nígbà tí mo kà á. Nǹkan tó wù mí jù lára ẹ̀ ni pé kò sí ibi tí ò ṣe é tú, tìmùtìmù etí, fóòmù orí, wáyà, èyí tó bá bàjẹ́ lò ń pààrọ̀. Gíráàmù 260 péré ni. Orí tèmi tóbi (ìyá mi máa ń sọ ọ́), torí náà ó fún mi díẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, mo bá fi há ìwé ńlá méjì mọ́jú fún bí ọjọ́ mẹ́rin, ó rọ̀.

Nǹkan tẹ́nì kankan ò sọ fún mi tẹ́lẹ̀: kò fi bẹ́ẹ̀ wúlò lórí fóònù. Mo fi sí fóònù, mo yí fọ́líọ́ọ̀mù dé òpin, ó ń dún bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ láti ilé kejì. 300 ohm yẹn ló fà á, ó fẹ́ agbára ju èyí tí fóònù ní lọ, ni mo bá tún lọ wá ámúpù kékeré ti hẹ́dífóònù, ìnáwó kejì nìyẹn, ẹ fi kún owó àgbò. Àmọ́ ibẹ̀ náà ni mo ti jèrè, torí tí wọ́n bá mú iná lọ, ámúpù àtijọ́ yẹn máa ń mu bátìrì inverter mi bí ẹni mu ẹ̀kọ, kékeré yìí kì í jẹ́ kó mọ̀ pé nǹkan wà lára òun.

Ó wá ku ohùn. Bàbá mi fi àwo àpàlà sílẹ̀ fún mi, mo ti da gbogbo ẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà. Ọ̀kan wà níbẹ̀ tí mo ti ń gbọ́ láti kékeré, mo lè kọ ọ́ lójú oorun. Alẹ́ àkọ́kọ́, ilé ti dákẹ́, mo gbé e sí i, mo gbọ́ tí ọwọ́ onílù ń fa awọ kó tó lù ú, mo gbọ́ tí elégbè kan ń mí sínú, ìgbà tó yá báyìí, ẹnì kan wúkọ́. Mo yọ hẹ́dífóònù, mo wo ẹ̀yìn. Kò sẹ́nì kankan. Mo dá a padà, ó tún wúkọ́ níbì kan náà, lẹ́yìn àgídìgbo, ó rọra ṣe é bí ẹni tó fọwọ́ bo ẹnu. Ó ti wà nínú àwo yẹn kí wọ́n tó bí mi, sípíkà mi ò sì fi hàn mí rí.

Ó ní tiẹ̀ nínú o, ẹ má jẹ́ n tàn yín. Kò sí béèsì tó ń gbá àyà, ẹni tó bá fẹ́ kí ìlù dún wọ ìfun òun, kó má ṣe ìyọnu, sípíkà ló ń wá. Ẹ̀ẹ̀kejì, ti sípíkà, etí méjèèjì ló ń gbọ́ sípíkà méjèèjì, àmọ́ pẹ̀lú hẹ́dífóònù, etí òsì ò mọ nǹkan tí etí ọ̀tún ń gbọ́, àwọn rẹ́kọ́ọ̀dù sítíríò àtijọ́ tí wọ́n ti gìtá sí apá kan pátápátá, tí wọ́n ti ìlù sí apá kejì, ṣe ló dà bíi pé wọ́n là mí lórí sí méjì. Ètò kan wà lórí kọ̀ǹpútà, crossfeed, tó máa ń da díẹ̀ nínú ọ̀tún sí òsì, ó ràn mí lọ́wọ́. Àwo móònò bàbá mi (ohùn kan náà ló ń fún etí méjèèjì) ní tiẹ̀, àárín agbárí gan-an ló jókòó sí, kò burú tó bá mọ́ ọ lára.

Hẹ́dífóònù yìí ò sì mọ àṣírí bò. MP3 128, orin tí wọ́n fún pọ̀ kó lè kéré, tí mo ti ń kó jọ láti ayé sàíbà kaféè, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ inú ẹ̀ ń dún bí ìgbà tí omi ta sí òróró gbígbóná. Bí ẹ̀yìn hẹ́dífóònù náà ṣe lu ihò ńkọ́, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ kí ohùn lè ráyè mí ni, àmọ́ fáànù, jẹnẹrétọ̀ àdúgbò, àdúrà òru, gbogbo ẹ̀ ló ń wọlé, èyí tó wà nínú náà ń jò síta. Ẹ má gbé e wọ ọkọ̀. Oṣù kẹta sì ni kẹ́ ẹ rí etí mi, ó ń làágùn. Fọ́líọ́ọ̀mù náà, ẹ rọra o, torí kò ní mì nǹkan kan láyìíká yín láti kìlọ̀ fún yín, WHO, àjọ ìlera àgbáyé, ní 80 decibel (òṣùwọ̀n ariwo) fún wákàtí 40 lọ́sẹ̀ ni kí àgbàlagbà má kọjá.

Èyí tó dùn mí jù ò sí nínú ìwé kankan. Ìyá ìbejì á sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, á wá fọwọ́ kàn mí léjìká, á ní "Bàbá adití, oúnjẹ ti délẹ̀." Àwọn ọmọ ò mọ orin bàbá mi mọ́, torí kò dún nínú ilé mọ́.

Ọjọ́ Sunday tó kọjá, Bàbá onílé wá gba owó omi. Wọ́n ní, "O ò gbọ́ orin mọ́ ni?" Mo ní mo ń gbọ́ ọ sà, ẹ jókòó. Wọ́n ṣí fìlà, mo fi sí wọn létí, mo gbé àwo yẹn sí i. Wọn ò sọ̀rọ̀. Ìgbà tó dé ibẹ̀, wọ́n yí orí sọ́nà kíṣìnì, wọ́n ní, "Ta lará ẹ̀ ò yá níbẹ̀ yẹn?" Mo rẹ́rìn-ín títí. Wọ́n ní kí n dá a padà sí ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n fọwọ́ méjèèjì di hẹ́dífóònù mú, wọ́n dijú, ẹsẹ̀ wọn ń lu táìlì, èmi àti ìyá ìbejì wá ń gbọ́ èyí tó ń jò jáde, tín-ín-rín bí ẹ̀fọn. Ìyá ìbejì tí ò fẹ́ràn sípíkà rí ló ní, "Ẹ ò ṣe tan nǹkan yẹn kí gbogbo wa gbọ́?" Aṣọ tí wọ́n ti lọ̀ wà lórí sípíkà kan, ìwé àwọn ọmọ àti fúláàsì omi gbígbóná wà lórí ìkejì. Èmi mú fúláàsì, òun kó aṣọ.