Bifold àbí sliding: èwo ni kẹ́ ẹ fi sẹ́yìn ilé?

Ẹ̀yin ará wa tẹ́ ẹ ń ṣe extension ní London, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn gíláàsì tó máa kọjú sí gádìnnì yìí dáadáa kówó tó jáde lápò.

Bifold, ìyẹn ilẹ̀kùn tó ń ká pọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, lọ̀pọ̀ èèyàn ń fẹ́, torí tẹ́ ẹ bá ti ká a tán, gbogbo ẹnu ọ̀nà ló máa ṣí gbayawu, tẹ́ ẹ bá ń ṣe ìkómọ nígbà ooru, àwọn àlejò á kàn máa wọlé máa jáde, ẹni tó ń yan ẹran níta á máa bá ẹni tó wà ní kíṣìnnì sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n oṣù mélòó ló ń móoru níbí gan-an? Tẹ́ ẹ bá tì í, férémù gbọọrọ gbọọrọ ló máa gé gádìnnì sí wẹ́wẹ́ lójú yín, tẹ́ ẹ bá sì ká a, àwọn gíláàsì yẹn á gba àyè lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Sliding, ìyẹn èyí tẹ́ ẹ máa ń fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ lójú irin, gíláàsì ńlá méjì péré ni, ẹ lè jókòó sí pálọ̀ nínú òjò kẹ́ ẹ máa wo ìta látòkè délẹ̀. Ìdajì ló ń ṣí o. Ojú irin ẹ̀ nìkan ni kẹ́ ẹ máa gbá dáadáa, ewé àti yẹ̀pẹ̀ kì í jẹ́ kó rìn.

Èmi, sliding ni mo fara mọ́, àfi tí ẹnu ọ̀nà yín bá kéré.

Èyí tó wù kẹ́ ẹ mú, ẹ rí i pé gíláàsì ẹ̀ jẹ́ toughened (èyí tí wọ́n fi iná mú le) tàbí laminated (èyí tí wọ́n lẹ̀ pọ̀ ní ìpele ìpele), kẹ́ ẹ sì gba ìwé building control, ìyẹn àwọn tó ń yẹ iṣẹ́ ilé wò bóyá ó bófin mu, torí lóyà ẹni tó bá fẹ́ ra ilé yẹn máa bèèrè ẹ̀.