Oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn tí mo pààrọ̀ sẹ́ẹ̀lì bátìrì total station mi

Lórí ilẹ̀ kan lẹ́bàá Mọ́níyà ni bátìrì total station mi, ẹ̀rọ tí àwa sọ̀fíyọ̀ tó ń wọn ilẹ̀ fi ń ka igun àti ìjìnnà, ti kú mọ́ mi lọ́wọ́, lọ́sàn-án gangan, nígbà tó ku bíkìnì (òpó ààlà ilẹ̀) méjì péré kí n wọn ilẹ̀ náà padà dé ibi tí mo ti bẹ̀rẹ̀. Ojú ẹ̀rọ ṣì ń fi hàn pé iná inú rẹ̀ lé ní ìdajì. Mo kọjú rẹ̀ sí prísímù, gíláàsì tó ń dá ìtànṣán ẹ̀rọ padà, mo tẹ bọ́tìnnì kó wọn ìjìnnà, ó dún píì, ojú rẹ̀ ṣú. Mo tún un tàn, ó tàn. Mo ní kó ka igun, ó kà á láìsí wàhálà. Bí mo bá ti ní kó wọn ìjìnnà báyìí, á tún kú. Ọmọ iṣẹ́ mi tó di prísímù mú lọ́ọ̀ọ́kán ń pariwo pé, "Ọ̀gá, ṣé ẹ ti mú un?" Onílẹ̀ dúró tì mí, àwọn tó bá a pààlà náà dúró. A palẹ̀ ẹrù mọ́, a sì lọ sílé lọ́jọ́ náà.

Bí ẹ bá rí i pé ẹ̀rọ yín ń ka igun dáadáa ṣùgbọ́n tó ń kú bó bá fẹ́ wọn ìjìnnà, bátìrì ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò kí ẹ tó gbé ẹ̀rọ lọ fún ẹnikẹ́ni. Igun kíkà kì í jẹ iná púpọ̀. Ìgbà tí ẹ̀rọ bá ń ta ìtànṣán lọ bá prísímù ló máa ń fa iná gan-an. Sẹ́ẹ̀lì tó ti gbó lè tan ojú ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ bá wọ̀ ọ́ lọ́rùn, fólítì rẹ̀ á já wálẹ̀ lójijì, ẹ̀rọ á sì pa ara rẹ̀.

Èmi ò mọ èyí nígbà náà. Ọjà ni mo gbà lọ, mo ra bátìrì tuntun tí wọ́n kọ agbára tó ju ti ojúlówó lọ sí lára. Nígbà tí mo gbé méjèèjì sọ́wọ́, tuntun fúyẹ́ ju ògbólógbòó lọ. Oṣù méjì ló fi ṣiṣẹ́. Owó yẹn dùn mí gan-an, torí iṣẹ́ méjì ni mo fi kó o jọ.

Ọ̀rẹ́ mi kan tí òun náà jẹ́ sọ̀fíyọ̀ ló mú èmi àti bátìrì ògbólógbòó mi dé ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n kan tó ń tún bátìrì ṣe ní Ìbàdàn níbí. Mo ti ń ka owó bátìrì ojúlówó lọ́kàn, ṣùgbọ́n wọ́n ní, "Ẹ má tíì náwó. Ẹ jẹ́ ká bi í léèrè ná." Wọn ò tú u. Wọ́n kọ́kọ́ wo ojú irin tí bátìrì fi ń kan ẹ̀rọ, wọ́n fi irésà ha á, wọ́n fi sípíríìtì nù ún. Wọ́n wá fi mítà sí i: fólítì 7.5, láìsí ohunkóhun lórí rẹ̀. Bátìrì tó yẹ kó jẹ́ 7.2 ni, inú mi ti ń dùn. Ni wọ́n bá mú gílóòbù tọ́rafíkétọ̀ ọkọ̀ kan, wọ́n so ó mọ́ bátìrì náà. Ìṣójú mi ni nọ́ńbà yẹn ti ń já bọ̀, 7, 6, títí tó fi dúró sí 5.2. Gílóòbù náà pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ bí ẹyín iná tó fẹ́ kú. Wọ́n ní, "Òun nìyẹn."

Nígbà tí wọ́n tú u, sẹ́ẹ̀lì NiMH (oríṣi sẹ́ẹ̀lì onínikẹ́lì tó ṣeé gba iná sí) mẹ́fà ló wà nínú rẹ̀, 1.2 fólítì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mẹ́rin ṣì le díẹ̀. Méjì ti kú tán, ọ̀kan nínú wọn ti yọ ohun funfun bí iyọ̀ lọ́rùn. Mo ní kí wọ́n kúkú pààrọ̀ méjì yẹn nìkan kí owó má bàa pọ̀, wọ́n kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n ní bí ògbólógbòó bá wà láàárín àwọn tuntun, òun ló máa kọ́kọ́ tán, àwọn yòókù á sì máa ti iná gba inú rẹ̀ lódìkejì títí gbogbo wọn á fi bàjẹ́. Mo tún bi wọ́n pé ṣé wọn ò lè fi lithium, irú sẹ́ẹ̀lì inú fóònù, sí i. Ibẹ̀ ni mo ti gbà pé wọ́n mọ iṣẹ́: wọ́n ní ṣájà mi ò mọ ibi tó ti yẹ kó dáwọ́ dúró fún lithium, pé ó lè gbiná mọ́lé. Mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ni wọ́n pààrọ̀. Wọn ò fi sódà, irin tí wọ́n ń yọ́ fi lẹ wáyà, jó o, ẹ̀rọ tó ń fi iná lẹ irin pẹlẹbẹ mọ́ sẹ́ẹ̀lì ni wọ́n lò, torí ooru sódà máa ń ba inú sẹ́ẹ̀lì jẹ́. Owó tí mo san ò tó ìdá mẹ́ta owó bátìrì ojúlówó.

Iṣẹ́ náà ní àléébù. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n dá fún mi, ọjọ́ mẹ́sàn-án ló gbà. Nígbà tí mo gbé e délé, ṣájà kọ̀ ọ́, iná pupa rẹ̀ ń ṣẹ́jú. Wọ́n ti gbàgbé láti so ohun kékeré tí ṣájà fi ń mọ̀ bóyá bátìrì ti gbóná jù padà. Wọ́n bẹ̀ mí, wọ́n sì ṣe é láìgba kọ́bọ̀, ṣùgbọ́n mo ti pàdánù iṣẹ́ ọjọ́ kan. Ẹnu ibi tí wọ́n ti tú u ò sì pa dé bíi ti tẹ́lẹ̀. Téèpù ni mo fi wé e, n kì í sì í jẹ́ kí òjò kàn án.

Oṣù mẹ́jọ rèé. Bátìrì tí kì í gbé wákàtí méjì tẹ́lẹ̀ ń bá mi láti aago mẹ́jọ àárọ̀ di aago méjì ọ̀sán, pẹ̀lú ìjìnnà wíwọ̀n. Èmi náà yí ìwà padà. N kì í fi í sílẹ̀ nínú búùtù ọkọ̀ nínú oòrùn mọ́. Bí mo bá ti oko iṣẹ́ dé, mo máa ń jẹ́ kó tutù kí n tó kì í bọ ṣájà. Alẹ́ tó ṣáájú iṣẹ́ ni mo sì máa ń gba iná sí i, torí iná inú irú sẹ́ẹ̀lì yìí a máa jò díẹ̀díẹ̀ bó bá wà nílẹ̀ lásán.

Ohun kan ṣoṣo ló kù: bí mo bá yọ bátìrì, ọjọ́ àti aago ẹ̀rọ á pòórá. Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀bi wọn, bátìrì kékeré tó wà nínú ikùn ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ló ti kú. Ilé iṣẹ́ tó lè tún ìwọ̀n ẹ̀rọ náà yẹ̀ wò lẹ́yìn títú ni màá gbé ìyẹn lọ.

Máàkì mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n yìí. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, màá gbé bátìrì mi kejì lọ bá wọn, màá sì mú ṣájà dání, ká jọ gba iná sí i níbẹ̀ kí wọ́n tó pa ẹnu rẹ̀ dé.