Ubuntu lẹ́gbẹ̀ẹ́ Windows 10 nínú kọ̀ǹpútà ilé wa ní Adó-Èkìtì

Kọ̀ǹpútà orí tábìlì tó wà ní pálọ̀ wa kò tíì bàjẹ́, ọjọ́ ló ti lọ lórí rẹ̀. Nígbà tí Microsoft dá àtúnṣe ààbò tí wọ́n máa ń ṣe fún Windows 10 lóṣooṣù dúró ní ọjọ́ 14 oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2025, mo fẹ́ gbé tiwa bọ́ sí Windows 11, àmọ́ kò ní TPM 2.0, ẹ̀yà ààbò inú kọ̀ǹpútà tí Windows 11 ń béèrè, owó ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ kò sì jẹ́ kí n lè ra òmíràn. Mo wá fi Ubuntu 24.04, ètò ọ̀fẹ́ tó ń darí kọ̀ǹpútà bíi ti Windows, sínú rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Windows, mo sì pín iṣẹ́ fún àwọn méjèèjì. Oṣù mẹ́ta rèé, inú mi dùn sí i, ṣùgbọ́n nǹkan méjì wà tí díẹ̀ ló kù kí wọ́n mú mi jáwọ́.

Gbogbo ohun tó jẹ mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì ti di ti Ubuntu, nítorí pé àtúnṣe ààbò rẹ̀ ṣì ń bọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ títí di ọdún 2029. Windows kò fojú kan íntánẹ́ẹ̀tì mọ́. Ètò ìdánrawò JAMB tí ọmọbìnrin mi ń lò ló wà fún, torí pé orí Windows nìkan ni ètò náà ti ń ṣiṣẹ́. Bí a bá tan kọ̀ǹpútà, orúkọ àwọn méjèèjì á jáde sójú rẹ̀, yóò sì dúró fún ìṣẹ́jú-àáyá 10 kí a yan èyí tí a fẹ́. Bí a kò bá yan ìkankan, Ubuntu ni yóò wọlé.

Aago ni ìṣòro àkọ́kọ́. Ọmọbìnrin mi jókòó sídìí ìdánrawò ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó ní, "Dádì, ẹ wá wo aago kọ̀ǹpútà yìí, aago mẹ́rin ló ṣì wà." Ti ara ògiri sì ti lé ní aago márùn-ún. Mo rò pé bátìrì kékeré inú rẹ̀ ló kú. Mo ra tuntun, mo pààrọ̀ rẹ̀, kò sí ìyàtọ̀. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé aago kan ṣoṣo ló wà nínú ẹ̀rọ náà, àwọn méjèèjì sì ń kà á bó ṣe wù wọ́n. Àkókò UTC, ìyẹn àkókò tí gbogbo ayé fi ń ṣe ìṣirò aago wọn, ni Ubuntu máa ń tọ́jú sínú rẹ̀, yóò wá fi wákàtí kan tí Nàìjíríà fi ṣíwájú kún un kó tó fi hàn wá. Windows ní tirẹ̀ gbà pé àkókò ìlú tí a wà ni wọ́n kọ síbẹ̀, kì í sì í fi ohunkóhun kún un. Àṣẹ kan ṣoṣo tí mo tẹ̀ sínú Ubuntu, timedatectl set-local-rtc 1, tó ní kí òun náà máa tọ́jú àkókò ìlú tí a wà sínú aago náà, ló parí ọ̀rọ̀ náà. Ubuntu kìlọ̀ pé irú ètò bẹ́ẹ̀ lè dá wàhálà sílẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń sún aago síwásẹ́yìn lọ́dọọdún, àmọ́ a kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ní Nàìjíríà.

Ìkejì ló dùn mí jù. Mo tẹ ìbéèrè ìdánwò kíláàsì mi nínú Windows lálẹ́ ọjọ́ Àìkú, mo fi pamọ́ sí apá dísìkì tí àwọn méjèèjì jọ ń lò, mo sì pa kọ̀ǹpútà. Ní ìdájí, mo ṣí i nínú Ubuntu láti tún un ṣe; mo lè kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, àmọ́ kò gbà kí n fi àtúnṣe kankan pamọ́. Fast Startup ló fà á. Bí ó bá wà ní títàn, Windows kì í kú tán nígbà tí a bá pa á. Yóò kọ ibi tó bá iṣẹ́ dé sínú dísìkì kó lè tètè jí, Ubuntu kò sì ní kọ nǹkan kan sórí dísìkì tí Windows kò tíì jọ̀wọ́ rẹ̀, kí fáìlì má baà bàjẹ́. Mo wọ Power Options nínú Control Panel, mo sì pa Fast Startup. Ẹni tí kò bá fẹ́ pa á lè lo Restart dípò Shut down kó tó bọ́ sí Ubuntu, torí Restart máa ń pa Windows tán pátápátá.

Fífi Ubuntu síbẹ̀ kò le: fíláàṣì 16GB, fáìlì bíi 6GB tí mo fi dátà òru gbà, àti 100GB tí mo gé fún un nínú 500GB. Ẹ kọ́kọ́ da àwọn fáìlì yín kọ síbòmíràn, kí ẹ sì rí i pé inverter yín kún dáadáa, nítorí pé bí iná bá lọ níbi tí a ti ń pín dísìkì, gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ lè bá a lọ.

Ẹni tí gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ bá wà lórí Word kò ní gbádùn rẹ̀ tó bí mo ṣe gbádùn rẹ̀. Ìwé tí mo bá fi LibreOffice, ètò ìkọ̀wé ọ̀fẹ́ tó dà bíi Word, tẹ̀ nínú Ubuntu, tí mo bá ṣí i nínú Word ní ilé-ẹ̀kọ́, àtẹ inú rẹ̀ a máa yẹ̀ kúrò ní ipò. PDF ni mo ń sọ tèmi dà báyìí kí n tó gbé e lọ.