Àtẹ ìran àwọn ọba Capet láti ọwọ́ ilé ìtẹ̀wé kan ní Ìjẹ̀bú-Òde

Ní àgbègbè Fọlágbadé ní Ìjẹ̀bú-Òde, ilé ìtẹ̀wé kan wà tó jẹ́ pé ìwé ètò ìsìnkú, káàdì ìgbéyàwó, bánà àti àtẹ ìran ẹbí ni iṣẹ́ tó ń wọlé fún wọn jù. Àtẹ ìran ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, nítorí òun ni mo gbé fún wọn ṣe, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdílé tí mo ní kí wọ́n yà kì í ṣe ti ọmọ Ìjẹ̀bú rárá. Ìdílé Capet ni, àwọn tó jọba ilẹ̀ Faransé láti ọdún 987 títí di 1328, tí adé ń ti ọwọ́ bàbá bọ́ sí ti ọmọ láìjá títí di 1316, kó tó di pé ọ̀rọ̀ àrólé dá wàhálà sílẹ̀ láàárín àwọn àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀kọ́ ìtàn ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama, ara ògiri kíláàsì sì ni mo fẹ́ gbé àtẹ náà kọ́ sí.

Ohun tó mú kí n yan ilé ìtẹ̀wé yìí ni fọ́ọ̀mù wọn. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, wọn á ní kí oníbàárà kọ orúkọ bàbá, orúkọ ìyàwó kọ̀ọ̀kan, àti àwọn ọmọ tí ìyàwó kọ̀ọ̀kan bí, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Àwọn ẹbí tó ń gbé iṣẹ́ wá fún wọn ló kọ́ wọn bẹ́ẹ̀: bí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tàbí ilé bàbá bá délẹ̀, ìdí igi ni ọ̀pọ̀ ẹbí fi ń pín in, àtẹ tí kò bá sì fi ìyá hàn kò lè parí ìjà kankan. Nígbà tí mo kó orúkọ àwọn Capet dé, ọ̀dọ́bìnrin tó ń ya iṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà wò ó títí, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ìyàwó wo ló bí Philip yìí? Ẹ ò kọ ọ́ síbẹ̀.” Ìbéèrè náà tọ́. Nínú ọ̀pọ̀ àtẹ ọba ilẹ̀ Yúróòpù tí mo ti rí, orúkọ ọba kan ló ń tẹ̀lé òmíràn láti òkè dé ìsàlẹ̀, àfi bí ẹni pé ọkùnrin nìkan ló ń bímọ.

Ibi tí ọ̀nà ìyàwòrán wọn ti wúlò jù ni abẹ́ Louis Keje, tó jọba láti 1137 sí 1180. Ìyàwó mẹ́ta ló fẹ́, kì í ṣe papọ̀ bíi ti àwọn bàbá wa, ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn ni. Àkọ́fẹ́ rẹ̀ ni Eleanor, tó jogún gbogbo ilẹ̀ Aquitaine. Obìnrin méjì ló bí fún un, Marie àti Alix, kí ìgbéyàwó náà tó túká ní 1152. Kò pé oṣù méjì lẹ́yìn ìyẹn tí Eleanor fi lọ fẹ́ Henry ti Anjou, ẹni tó di ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1154, ó sì bí ọkùnrin lé ọkùnrin fún un. Ìyàwó kejì, Constance ọmọ ọba Castile, tún bí obìnrin méjì, orí ìkúnlẹ̀ ló sì kú sí ní 1160. Ìyàwó kẹta, Adèle ti Champagne, ló wá bí ọkùnrin ní 1165, èyíinì ni Philip, tí wọ́n fún ní oríkì pé Ọlọ́run ló fi ta wọ́n lọ́rẹ.

Ẹni tó bá wo òpó mẹ́ta tí wọ́n yà fún àwọn ìyàwó yìí yóò rí ohun tó máa ń sọnù sínú ìwé ìtàn. Marie àti Alix, ọmọ ìyàwó àkọ́kọ́, fẹ́ Henry ti Champagne àti Theobald ti Blois, àwọn méjèèjì sì jẹ́ ẹ̀gbọ́n ìyàwó kẹta. Nípa bẹ́ẹ̀, ẹ̀gbọ́n ìyàwó bàbá wọn ni wọ́n fi ṣe ọkọ. Margaret, ọmọ ìyàwó kejì, fẹ́ Henry Ọ̀dọ́, ọmọ tí Eleanor bí fún ọkọ tuntun tó lọ fẹ́. Ìlà pupa tí wọ́n fi so àwọn ìgbéyàwó wọ̀nyí pọ̀ ń ti orí òpó kan bọ́ sí òmíràn, ó sì mọ́ lójú débi pé ọmọ kíláàsì lè fi ìka tọ̀ ọ́ láìbi ẹnikẹ́ni.

Lábẹ́ Philip yìí, tó di Philip Kejì, òpó mẹ́ta ló tún wà. Isabelle ti Hainault ló bí Louis Kẹjọ. Ingeborg, ọmọ ọba Denmark, tí ọba fẹ́ ní 1193 tó sì kọ̀ sílẹ̀ ní ọjọ́ kejì ìgbéyàwó, kò bímọ. Agnes ti Merania bí ọkùnrin kan àti obìnrin kan, ṣùgbọ́n Póòpù Innocent Kẹta kò ka ìgbéyàwó náà sí, ó tilẹ̀ fi òfin dá ìsìn dúró ní ilẹ̀ ọba náà ní 1200. Ìgbà tí Agnes kú ní 1201 ló tó fọwọ́ sí i pé kí a ka àwọn ọmọ méjèèjì sí ọmọ tòótọ́. Fọ́ọ̀mù ilé ìtẹ̀wé náà kò ní àyè fún irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Lójú tiwọn, ọmọ tí bàbá bá ti gbà ti di ọmọ, ó parí. Èmi náà fara mọ́ ọn nínú ẹbí, ṣùgbọ́n nínú ìtàn Faransé, bóyá ìjọ fọwọ́ sí ìgbéyàwó tàbí kò fọwọ́ sí i lè sọ ọmọ di àrólé tàbí kó yọ ọ́ dànù. Lẹ́yìn tí mo ṣàlàyé, wọ́n lo ìlà tó ń já lágbedeméjì fún ìgbéyàwó Agnes, wọ́n sì kọ ọdún tí Póòpù fọwọ́ sí i sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó tẹ́ mi lọ́rùn.

Mo tún bèèrè pé kí ọdún méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ọba kọ̀ọ̀kan, ọdún tí wọ́n dé e ládé àti ọdún tí bàbá rẹ̀ wàjà, nítorí pé láàárín àwọn Capet àkọ́kọ́, méjèèjì kì í sábà bára mu. Àwọn ìjòyè ló yan Hugh Capet ní 987. Ó mọ̀ pé àwọn tó yan òun lè yan ẹlòmíràn rọ́pò ọmọ òun, nítorí náà, kí ọdún yẹn tó parí, ó ti mú kí wọ́n dé Robert ọmọ rẹ̀ ládé lójú ayé òun. Robert náà dé Hugh àkọ́bí rẹ̀ ládé ní 1017. Ọmọ náà kú ní 1025, ó sì tún dé Henry ládé ní 1027. Louis Kẹfà dé Philip àkọ́bí rẹ̀ ládé ní 1129, àmọ́ ní oṣù Kẹwàá 1131, ẹlẹ́dẹ̀ kan kó sí ẹṣin ọmọ náà lẹ́sẹ̀ ní Paris, ó gbé e ṣubú, ó sì kú. Kí oṣù náà tó tán, Póòpù Innocent Kejì ti dé Louis àbúrò rẹ̀ ládé ní Reims. Philip Kejì, tí wọ́n dé ládé ní 1179 nígbà tí bàbá rẹ̀ ṣì wà láàyè, ni àṣà náà parí sí lórí. Kò ṣe é fún ọmọ tirẹ̀, nítorí nígbà yẹn, kò sí ẹni tó tún ń jiyàn pé ilé náà ni oyè wà.

Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ kò gbà á gbọ́ pé bàbá lè wà lórí ìtẹ́ kí wọ́n máa dé ọmọ rẹ̀ ládé. Ní Ìjẹ̀bú, oyè Awùjalẹ̀ ń yí ká láàárín ilé Gbẹ́lẹ́gbùwà, Aníkìnáìyá, Fúsẹ̀ngbùwà àti Fídípọ̀tẹ̀, ẹ̀yìn ìgbà tí ọba bá ti wàjà sì ni àwọn afọbajẹ tó ń yan ẹni tó kàn. Bẹ́ẹ̀ náà ni abídàgbà, ọmọ tí a bí sórí oyè, tí a máa ń jiyàn lé lórí nílẹ̀ yìí, kò jẹ́ nǹkan kan lọ́dọ̀ àwọn Capet: ọdún 1268 ni wọ́n bí Philip Kẹrin, nígbà tí bàbá bàbá rẹ̀ ṣì wà lórí oyè, kò sì sí ẹni tó fi ìyẹn bá a jà. Nínú àdàkọ àkọ́kọ́, adé onílẹ̀kẹ̀ tó wà nínú kọ̀ǹpútà wọn ni wọ́n fi dé Hugh Capet lórí, ìlẹ̀kẹ̀ sì bò ó lójú. Ó wù mí kí n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n mo ní kí wọ́n yọ ọ́.

Àṣìṣe tó wúwo jù wà ní ìsàlẹ̀ àtẹ. Nínú àdàkọ tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, wọ́n fi Philip Kẹfà sábẹ́ Philip Karùn-ún bí ọmọ rẹ̀, nítorí pé nọ́ńbà tẹ̀lé nọ́ńbà. Nígbà tí àyè kò sì tó mọ́, wọ́n yọ àwọn ọmọbìnrin tí kò jọba ilẹ̀ Faransé kúrò. Isabella lọ, Jeanne lọ, Blanche lọ. Bẹ́ẹ̀, ìdí àwọn obìnrin mẹ́ta yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà so rọ̀ sí.

Philip Kẹrin wàjà ní 1314, ó fi ọkùnrin mẹ́ta sílẹ̀ àti Isabella, ìyàwó ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Louis Kẹwàá, àkọ́bí, wàjà ní oṣù Kẹfà 1316. Ó fi Jeanne sílẹ̀, ọmọ tí Margaret ti Burgundy bí fún un, ìyàwó tí wọ́n ti jù sẹ́wọ̀n ní 1314 lórí ẹ̀sùn àgbèrè. Ó sì fi oyún sílẹ̀ lára ìyàwó kejì, Clementia ti Hungary. Oyún náà di ọkùnrin, John, tó di ọba lọ́jọ́ tí wọ́n bí i ní oṣù Kọkànlá, tí kò sì lò ju ọjọ́ mélòó kan lọ láyé. Philip àbúrò Louis, tó ti ń ṣe adelé, gba adé ní Reims ní oṣù Kìn-ín-ní 1317, nígbà tó sì di oṣù Kejì, ìpàdé àwọn ìjòyè àti àwọn ọ̀mọ̀wé ní Paris kéde pé obìnrin kì í jọba ilẹ̀ Faransé. Òfin Salic, òfin àtijọ́ tó ní obìnrin kì í jogún ilẹ̀, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ yìí, ẹ̀yìn ìgbà náà ni wọ́n tó gbé e jáde láti fi ti ìdájọ́ náà lẹ́yìn. Ohun tí Philip fi gba oyè mọ́ Jeanne lọ́wọ́ ló padà wá kan ilé tirẹ̀: ọmọbìnrin nìkan ló kù fún un nígbà tó wàjà ní 1322, adé sì ré wọn kọjá lọ sọ́dọ̀ Charles Kẹrin àbúrò rẹ̀. Charles wàjà ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejì 1328, òun náà fi oyún sílẹ̀. Wọ́n dúró dè é títí di oṣù Kẹrin, ó di obìnrin, Blanche.

Ẹni tí adé wá bọ́ sí lọ́wọ́ ni Philip ti Valois, ọmọ Charles ti Valois, tí Philip Kẹta, bàbá Philip Kẹrin, bí láti ara ìyàwó àkọ́kọ́ rẹ̀, Isabella ti Aragon. Edward Kẹta ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sún mọ́ ọba tó wàjà jù ú lọ, nítorí ọmọ Isabella ni, ọmọ ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ọba mẹ́ta. Ṣùgbọ́n àwọn ìjòyè Faransé sọ pé ohun tí ìyá kò lè jẹ, kò lè gbé e fún ọmọ. Ní 1340 Edward pe ara rẹ̀ ní ọba Faransé ní gbangba, ogun tó sì ti bẹ̀rẹ̀ ní 1337 kò parí títí di 1453. Jeanne kò pàdánù ohun gbogbo: ilẹ̀ Navarre, ìjọba kékeré kan láàárín Faransé àti Spain tí bàbá rẹ̀ náà jọba lé lórí, kò ní òfin tó dí obìnrin lọ́wọ́, ó sì di ọbabìnrin níbẹ̀ ní 1328 pẹ̀lú ọkọ rẹ̀, Philip ti Évreux. Ọmọ ọmọ Philip Kẹta ni ọkọ náà, ṣùgbọ́n láti ìdí ìyàwó kejì, Marie ti Brabant. Òpó méjì tó wà lábẹ́ Philip Kẹta ló jẹ́ kí èyí ṣeé rí. Bí wọ́n bá to àwọn ọmọ náà papọ̀ láìfi ìyá hàn, Valois àti Évreux ìbá dà bí ọmọ ìyá kan. Mo dá iṣẹ́ padà, wọ́n tún un ṣe láìgba owó kún owó, wọ́n sì fẹ àtẹ náà sí i dípò kí wọ́n tún gé orúkọ. Inú mi dùn sí ìyẹn ju ohunkóhun mìíràn tí wọ́n ṣe lọ.

Ní ti ìtẹ̀wé fúnra rẹ̀, ẹsẹ̀ bàtà 6 ni gígùn rẹ̀, 4 ni fífẹ̀ rẹ̀, lórí bánà tí oòrùn ojú fèrèsé kò tíì ṣá. Àwọ̀ rẹ̀ mọ́, òkè àti ìsàlẹ̀ sì ní igi tí a lè fi gbé e kọ́. Iye tí wọ́n gbà kò tó ohun tí wọ́n ń gbà fún bánà ìsìnkú méjì, mo sì kà á sí owó tó bójú mu fún iṣẹ́ tí wọ́n ní láti tún ṣe. Ibi tó kù díẹ̀ káàtó ni lẹ́tà. Èyí tí wọ́n fẹ́ràn láti fi kọ àkọlé kò mọ àmì ohùn Yorùbá, ó ń fi àpótí kékeré rọ́pò gbogbo ẹ̀ tó ní àmì lórí àti lábẹ́. Wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ níbi àkọlé ńlá, ṣùgbọ́n nínú àlàyé kékeré tó wà ní ìsàlẹ̀ apá ọ̀tún, ó ṣì kù níbi mélòó kan, ojú mi kò sì kúrò lára rẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ ya ìran tirẹ̀ tàbí ti ọba ilẹ̀ òkèèrè lè gbé e lọ bá wọn, bó bá ti lè kọ orúkọ gbogbo ọmọ, lọ́kùnrin lóbìnrin, sínú fọ́ọ̀mù, kó sì sọ fún wọn kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ já bọ́ nítorí àyè. Kó béèrè àdàkọ, kó kà á láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, nítorí ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti máa ń kánjú. Kó má sì gbé e lọ nígbà tí Ojúde Ọba bá ku fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́. Ní àkókò yẹn, bánà àwọn ẹgbẹ́ régbérégbé ló ń gba gbogbo ẹ̀rọ wọn, iṣẹ́ mìíràn á kàn máa dúró sórí tábìlì títí àjọ̀dún á fi kọjá.